Ibi Tí Màmá Ti Máa Ń Mí Nínú Orin

Obìnrin àgbà kan wà tí kò sí nídìí tábìlì wa mọ́ nítorí mi. Ọ̀gá wa gbà pé ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ní wàhálà kankan, pé orin tí mo ṣe ló kó bá a, mo sì pa ẹnu mi mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi díẹ̀ kún un ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó dúró. Bí mo bá ṣe lè kọ ọ́ ni n ó ṣe kọ ọ́.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, rìsíìtì, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹja yíyan ni ìyá mi ń ṣe ní Ìlàjẹ, ní Bàríga, létí ọ̀sà. Èéfín rẹ̀ kò bá àyà mi mu, ìdí nìyẹn tó fi mú mi lọ sídìí iṣẹ́ ìwé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọkùnrin ló ń wa ẹ̀rọ. Àwa obìnrin mẹ́rin wà ní yàrá ẹ̀yìn, iṣẹ́ tiwa kò sì ju kí a to ìwé lọ.

Wọ́n á kó abala ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ wá, ojú ìwé kìíní lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, títí dé èyí tó kẹ́yìn. A ó gbé òkìtì kọ̀ọ̀kan sí etí tábìlì gígùn kan, yíká yíká. A ó wá máa rìn yípo tábìlì náà, ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan, a ó máa mú abala kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí o bá fi máa yípo dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, odindi ìwé kan ti wà lọ́wọ́ rẹ. Wàá gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó ń kàn án pọ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń rìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, a kì í sì kúrò nínú yàrá kan.

Ẹni tó ń ṣáájú wa ni gbogbo wa ń pè ní Màmá. Láti ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá sí Bàríga nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ọkọ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkùnrin, ti padà sílé lọ ṣe káfíńtà. Eyín iwájú kan ti yọ lẹ́nu Màmá. Bó bá ń kọrin, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ jáde bíi fèrè. Bí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní àwọn kan ń fi owó ra fèrè, pé tòun wà lẹ́nu lọ́fẹ̀ẹ́.

Orin la fi ń rìn. Màmá ló kó ohùn rẹ̀ wá láti ilé, ó ní òun ni àwọn obìnrin fi máa ń bó ẹ̀gúsí lójúde ìyá òun. Ẹni tó ṣáájú á lé e, á ní:

*Ẹsẹ̀ mi ń lọ, ọwọ́ mi ń bọ̀,*
*Kí n má fo ẹnì kan dá.*

Àwa tó kù á gbè é: *A ò ní fo ẹnì kan dá o.* Lẹ́yìn "o" yẹn, gbogbo ẹnu á dákẹ́. A ó mí.

Mo ní láti ṣàlàyé mímí yẹn dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tábìlì wa ní igun mẹ́rin, àwa náà sì jẹ́ mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú wa bá dé igun, gbogbo wa ti dé igun. Ibi igun ni èèyàn ti máa ń fo abala ìwé dá, nítorí pé ẹsẹ̀ ń yí lákòókò tó yẹ kí ọwọ́ mú ìwé. Màmá ti rí èyí kí n tó débẹ̀ rárá, ó sì ti fi ìdákẹ́ yẹn sínú orin. Tí a bá dé igun, a ó dúró, a ó mí, a ó fi ìka kan fóòmù tútù tí a fi ń rin ọwọ́ kí abala má bàa lẹ̀ pọ̀, a ó mú abala igun, a ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì. Ìgbà náà ni orin á tó tẹ̀síwájú. Gbogbo ọdún tí mo fi rìn lẹ́yìn Màmá, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá ìwé padà fún wa pé ojú ìwé kan kò sí níbẹ̀.

Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í lè dúró níwájú èèyàn. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra nǹkan ní Onípánù, mo máa ń tún un sọ lọ́kàn mi títí n ó fi dé ìsọ̀. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì yẹn, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ nìkan lò ń wò, ẹni tó wà lẹ́yìn náà sì ń wo ẹ̀yìn rẹ. Kò sẹ́ni tó ń rí ojú ẹnì kejì. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo lè kọrin. Lọ́jọ́ kan tí ikọ́ ń dà Màmá láàmú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, lé e fún mi, èmi ó máa gbè é." Mo lé e. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fi ẹsẹ̀ ṣáájú, èmi ni mò ń fi ohùn ṣáájú. Nígbà tó pẹ́, mo ń fi ọ̀rọ̀ tèmi sínú orin: ọ̀rọ̀ ọ̀sà, ọ̀rọ̀ èéfín ẹja, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn ẹnì kan tí kò lè kí i. Màmá á gbè gbogbo rẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí kò dùn mọ́ ọn, á ní, "Yọ ìyẹn, kò bá ẹsẹ̀ rìn."

Ọ̀kan nínú wa wà tó jẹ́ aláwàdà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló fi fóònù ká wa sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láti ẹ̀yìn, tó sì gbé e sórí ìkànnì. N kò mọ̀ títí ó fi di pé àwọn tó ń wá tẹ̀wé ń yọjú sí yàrá ẹ̀yìn.

Báyìí ni ọmọ yunifásítì kan ṣe wá láti Akọkà, ó fẹ́ di ìwé tó máa fi jáde nílé-ìwé. Ó gbọ́ wa, ó wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọrin nínú fídíò yẹn?"

Mo ń wo ilẹ̀.

Aláwàdà wa ní, "Òun ni, bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ bá ògiri yẹn sọ̀rọ̀ ná. Ògiri á tètè dá yín lóhùn jù ú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, pé òun fẹ́ kí n wá gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí n tó lọ. Nígbà tí mo lọ, ọ̀sán Sátidé ni, mo sì mú aláwàdà wa dání.

Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé. Ó ti so ẹ̀ní àti aṣọ ìbora mọ́ ògiri kí ariwo ìta má bàa wọlé. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì, pẹ̀lú sípíkà méjì àti pátákó kékeré kan tó ní bọ́tìnnì. Kò sí gìtá, kò sí ohun tí èèyàn ń lù. Ó ní kí n kọrin tí mo bá fẹ́. N kò lè kọ ọ́. Ó rò ó títí, ó wá yí àga mi padà kí n kọjú sí ògiri, ó ní òun náà á kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kọ ọ́ nígbà náà.

Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbọ́. Ohùn kan tó rinlẹ̀ kọ́kọ́ wọlé láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn mi lórí rẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́rin, ó gbòòrò bí ọ̀sà. N kò lè purọ́, inú mi dùn. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń fara pamọ́, ohùn yẹn kò sì fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kó tún un fi sí i. Aláwàdà wa ń jó lórí ibùsùn rẹ̀.

Ó ní nǹkan kan kù. Ó fẹ́ ègbè, pàápàá ohùn àgbà tó wà nínú fídíò yẹn, èyí tó ń dún bíi fèrè. Ó ní ṣé màmá yẹn lè wá. Mo ní kò lè wá. N kò bi Màmá rárá. Ojú tì mí láti sọ fún un pé mo ń lọ kọrin níbòmíràn láìsí i, mo sì mọ̀ pé á bi mí ní ìdí orin náà, àwọn tó máa gbọ́ ọ, àti bí wọ́n ṣe máa lò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tan fóònù mi sílẹ̀ láti gba ohùn, mo tì í bọ abẹ́ òkìtì ìwé ní igun tábìlì. Màmá gbè é bó ṣe máa ń gbè é. Ó tún dúró nígbà kan, ó ní, "Lónìí, ohùn rẹ mọ́." Ìyẹn náà wà nínú fóònù náà.

Ọmọ yunifásítì yẹn gé e. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Lórí kọ̀ǹpútà, orin dàbí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tí Màmá ti ń kọrin ni òkè. Ó mú "o" tó wà ní ìparí ègbè nìkan, ó fà á gùn, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e wálẹ̀, bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan pẹ̀tẹ́lẹ̀ kékeré kan.

Ó ní, "Kí ló wà níbí?"

Mo ní, "Ibi tí Màmá ti ń mí ni."

"Ó ń dá bíìtì dúró. Àwọn tó ń jó ò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sí. Ṣé ká yọ ọ́?"

Mo mọ ohun tí mímí yẹn wà fún. Ó tún bi mí, ó ní, "Ẹ ò dáhùn, síísítà."

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́."

Orin náà jáde. N kò lè sọ bó ṣe rìn, mo kàn mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Onípánù, lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rìn kọjá. Wọn kò mọ ojú mi, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ yunifásítì yẹn ní ká tún ṣe òmíràn, mo sì ṣe é. Mo wá ń ronú orin lọ́nà mìíràn. N kò bi ara mi mọ́ bóyá ọ̀rọ̀ kan bá ẹsẹ̀ rìn.

Ó wá di ọjọ́ tí iṣẹ́ ìsìnkú kan wọlé. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni, wọ́n fẹ́ gba ìwé náà láàárọ̀ Tọ́sìdeè. Bàbá àgbà kan ló kú, ìyàwó méjì ló ní, ìwé náà sì nípọn, àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Agbára ti ń tán nínú wa. Aláwàdà wa ní kí a fi orin mi sí i, kí ara wa lè yá. Màmá ní, "Èwo ni orin rẹ̀? Ṣé kì í ṣe èyí tí a ń kọ ni?"

"Èyí tuntun ni, Màmá. Ọmọ yín ti di olórin kọ̀ǹpútà. Gbogbo Bàríga ló ń jó o."

Ó fi fóònù sórí fèrèsé, orin bẹ̀rẹ̀. Màmá tẹ́tí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òkìtì àkọ́kọ́. Nígbà tí "o" yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ta ni wọ́n ń fún lọ́rùn lẹ́yìn rẹ yìí?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, Màmá."

Ó ní, "Ẹ̀rọ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

A yára lọ́jọ́ náà. A kò yára bẹ́ẹ̀ rí. Orin náà kò dúró, àwa náà kò sì dúró. Ní igun tó há mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ mi ti yí kọjá kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Mo padà, mo mú un. Mo wo iwájú, mo rí Màmá tó kọjá igun náà láìdúró, nítorí kò sí ibi dídúró nínú ohun tó ń gbọ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo lè pa fóònù yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni fèrèsé fi jìnnà sí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, wọ́n á bi mí léèrè, ìdáhùn mi á sì tú àṣírí ohùn Màmá tí mo gbà láìsọ fún un. Apá kan ọkàn mi tún wà tí kò fẹ́ kí orin náà dákẹ́, torí inú àwọn obìnrin yẹn ń dùn sí i. Mo ń rìn lọ. Mo ń padà mú abala tèmi ní gbogbo igun.

Abala tó wà ní igun ògiri ni èyí tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí, pẹ̀lú àwòrán wọn. Kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé náà. N kò sí níbi ìsìnkú yẹn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá bá ọ̀gá wa. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti ṣí ìwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò rí ara wọn. Wọ́n gbà pé àwọn ọmọ ìyálé ló ní kí wọ́n yọ àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọn kò tẹ̀lé òkú bàbá wọn dé ibojì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dúró ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó gbé ìwé náà sókè.

Ó ní, "Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ẹni tó sanwó fún yín kẹ́ ẹ yọ wá."

Ọ̀gá wa ní, "Kò sẹ́ni tó yọ yín. Àṣìṣe ni. Ìyá tó ń ṣáájú wọn ti dàgbà, ojú rẹ̀ ni. Ẹ fi orí jì wá."

Ó sọ ọ́ níwájú Màmá. Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mo ti máa ń dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ní kó lọ sinmi nílé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó pè é ní ìyá òun, ó sì mú obìnrin mìíràn wá.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí rìn jìnnà. Ẹnì kan sọ fún ọmọ rẹ̀ nílé pé ìyá rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọmọ náà pè, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un, pé kò yẹ kí afọ́jú máa dáná fún ara rẹ̀ ní Èkó. Aláwàdà wa ló sọ èyí fún mi, kò ṣàwàdà nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni.

Mo lọ bá Màmá lọ́sàn-án Fúráìdeè. Ẹrù ti wà nílẹ̀, ó ti di ìkòkò rẹ̀ sínú aṣọ. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbé e jìnnà, ó ń gbé e súnmọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, nínú orin yẹn, mo ní ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀rọ wo ló ní eyín tó yọ?"

"Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ náà?"

"Ohùn mi ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mò ń dúró kí o sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lọ́rùn gan-an o."

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá ti dárí jì mí. Mo sọ èyí tó kù. Mo sọ fún un pé mo ní kí wọ́n yọ ibi tó ti ń mí. Mo sọ bí a ṣe ń fo igun lọ́jọ́ náà. Ó ti ìwé orin náà pa.

"O rí i lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ọwọ́ tìẹ náà fò ó?"

"Ó fò ó. Mo padà mú un."

Ó ní, "O padà mú tìẹ."

Kò pariwo. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn rí. Ó wá ní, "Mo ti gbà pé ojú mi ni, ṣé o mọ̀? Gbogbo àárọ̀ ni mò ń dán an wò pẹ̀lú ìwé yìí. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rò pé lóòótọ́ ni n kò rí i." Ó na ìwé náà sí mi. "Lọ sọ fún ọ̀gá pé ojú mi ń ríran. Kí o padà wá lọ́la, kí o sọ fún ọmọ mi."

Ọ̀gá wa gbọ́ mi dé ìdajì. Ó ní, "Orin ló fo ojú ìwé dá? Orin ló ní ọwọ́?" Ó wo àwọn ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ kí wọ́n lè bá òun rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ràn Màmá, kí n padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Màmá ti dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó dà bí ìyá rẹ̀ ní iwájú orí. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti tẹ̀ ba kó tó gbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kí ó tó fèsì, Màmá fa abẹ́rẹ́ kan yọ ní etí aṣọ rẹ̀, ó já òwú, ó tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Mo ti rí i, Màmá. Ẹ ríran. Ẹ má bínú." Ó wo ẹrù tó wà nílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ti fi yàrá yìí sílẹ̀. Ẹni tuntun ń kó wọlé lọ́la. Ká ní mo gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni."

Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ni, kò sọ ọ́ fún mi. Màmá ní kò burú, pé ilé náà wu òun láti rí, ó ti pẹ́. N kò bi í bóyá á wù ú bẹ́ẹ̀ bí ó bá ṣì ní ibi tó ń ṣáájú. Mo bá wọn gbé ìkòkò dé ọkọ̀.

Mo lọ sí Akọkà, mo ní kó dá mímí yẹn padà. Ọmọ yunifásítì yẹn ní àwọn èèyàn á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá orin dúró. Mo ní kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. N kì í bá a jiyàn tẹ́lẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbà. Báyìí, bí a bá lọ kọrin níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe àjọyọ̀, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tí orin bá dé ibẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ á ṣìnà. Àwọn kan á máa wo sípíkà. Mo máa ń fi ìka kan ètè mi bí ẹni tó ń kan fóòmù, kí n lè mọ ìwọ̀n ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́.

Màmá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù ọmọ rẹ̀ ló fi pè. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń fún mi lọ́rùn níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ṣì ń fún yín, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ mí."

Ó rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ fèrè rẹ̀. Ó béèrè àwọn obìnrin yòókù, ó béèrè igun ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló ń lé orin nídìí tábìlì báyìí?"

Mo sọ fún un pé fóònù ni, pé ohun tí aláwàdà wa bá ti fi sí i la fi ń rìn.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, o kì í lé e mọ́ ni?"

Mo ní ọ̀fun ń dùn mí láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí n fi oyin sí omi gbígbóná, kí n máa mu ún láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Kò sí ohun tó ń ṣe ọ̀fun mi.